Ọgbà ilé lábúlé England, láti ìgbà ìwọ́wé dé ìparí òtútù: àwọn ìbéèrè tó máa ń wọlé jù

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún tí Sẹ̀tẹ́ńbà bá ti wọlé, la bá kúkú kó wọn jọ síbí. Ẹ wá tiyín nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè.

Kí ni wọ́n ń pè ní “country garden” gan-an, ṣé tèmi wà lára ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní London tẹ́ ẹ wá ń gbé lábúlé tàbí ìlú kékeré nítorí iṣẹ́ (nọ́ọ̀sì àtàwọn tó ń ṣe kẹ́à ló pọ̀ jù nínú wa), tílé yín ní ilẹ̀ lẹ́yìn, koríko láàárín, òdòdó légbẹ̀ẹ́ ògiri, rósì tó gun ẹnu ọ̀nà, bóyá igi ápù àtijọ́ kan, òun náà nìyẹn. Kò dìgbà tó bá tóbi. Ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù ni Sissinghurst ní Kent, tí òǹkọ̀wé Vita Sackville-West àti ọkọ ẹ̀ Harold Nicolson rà ní 1930, àmọ́ ẹ má fi tiyín wé tibẹ̀, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù níbẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé púpọ̀ nínú òdòdó inú ọgbà báyìí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa tún rà lọ́dún tó ń bọ̀. Gbòǹgbò wọn ń bẹ nílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe láàárín Sẹ̀tẹ́ńbà sí Máàṣì lẹ máa rí nígbà tí oòrùn bá padà dé.

Gbogbo nǹkan ti gbẹ lẹ́yìnkùlé mi, ṣé wọ́n ti kú ni?

Rárá o. Bí ewé iṣu ṣe máa ń gbẹ lókè tí iṣu fúnra ẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni peony, hosta, delphinium àti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń ṣe. Tí Jánúárì bá dé, ẹ fi ìka rọra ti ilẹ̀ ìdí peony sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa rí ọ̀mùnú pupa kéékèèké tó ti ṣu jọ síbẹ̀ tó ń dúró. Ẹ yáa bò ó padà.

Èyí tó bá jẹ́ igi, ẹ fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ ewé tútù lábẹ́ ẹ̀, ó wà láàyè. Tó bá gbẹ, ẹ sún sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tún họ ọ́ wò, torí ẹ̀ka lè kú kí ìdí má kú. Fuchsia wà tí kò ní yọjú títí dìgbà tí Méè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí náà ẹ má tíì hú nǹkan kan jù nù ní Máàṣì pé ó ti kú.

Oṣù wo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Sẹ̀tẹ́ńbà àti Ọ̀kùtóbà niṣẹ́ pọ̀ jù, torí ilẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, òjò sì ti ń padà bọ̀, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbìn nígbà yẹn máa ta gbòǹgbò kí òtútù tó múlẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn Ọ̀kùtóbà wọ́n máa dá aago padà ní wákàtí kan, látọjọ́ náà lọ ẹ máa tibi iṣẹ́ dé nínú òkùnkùn, ó di ọjọ́ ìsinmi nìkan kẹ́ ẹ tó rí ọgbà yín lójú.

Ìrì dídì, ìyẹn ìrì tó máa ń funfun gbáú lórí koríko láàárọ̀, máa ń kọ́kọ́ dé láàárín ìparí Ọ̀kùtóbà sí Nòfẹ́ńbà ní gúúsù England, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè ọ̀hún lápá àríwá àti nínú àfonífojì. Ẹ má dúró de ìgbà tí fóònù bá sọ pé 0°C, tó bá ti ní 3°C lóru tójú ọ̀run sì mọ́ kedere tí ò sáfẹ́fẹ́, ilẹ̀ lè dì.

Irinṣẹ́ wo ló pọn dandan?

Fọ́ọ̀kì ilẹ̀ kan, ṣọ́bìrì kan, réèkì, ìbọ̀wọ́ tó le, àti àlùmọ́gàjí alágbára tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka. Orí àlùmọ́gàjí yẹn ni kẹ́ ẹ náwó sí, ìyókù ẹ lè rí i ní charity shop tàbí car boot ní owó táṣẹ́rẹ́, àwọn irin àtijọ́ gan-an ló le jù. Ẹ rọra nu òróró sí wọn lára kẹ́ ẹ tó tọ́jú wọn sí ṣẹ́ẹ̀dì, ọ̀rinrin ibẹ̀ ò dáa fún irin.

Ewé ti bo gbogbo ilẹ̀, ṣé kí n gbá gbogbo ẹ̀ dà nù?

Mo mọ̀ pé ara ò ní gbà á fún ọ̀pọ̀ nínú wa, wọ́n tọ́ wa pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ́ fínífíní kí oòrùn tó là. Àmọ́ níbí, ibi díẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti kó ewé kúrò. Lórí koríko, torí tó bá tẹ koríko mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, koríko ò ní rí ìmọ́lẹ̀, ó máa pọ́n, ó máa rà. Lójú ọ̀nà àti lórí àtẹ̀gùn, torí òjò tó bá pa á máa ń jẹ́ kó yọ̀, èèyàn sì ti kán léegun ìdí lórí ẹ̀ rí. Nínú adágún kékeré tẹ́ ẹ bá ní, àti nínú gọ́tà orí òrùlé. Ewé abẹ́ igi àti abẹ́ hẹ́ẹ̀jì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹyẹ blackbird á máa tú u wá ekòló, ilẹ̀ náà á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ bá gbá, ẹ má sáré lọ sanwó fún káńsù kí wọ́n wá bá yín kó o. Ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá ìdọ̀tí dúdú, ẹ wọ́n omi sí i tó bá gbẹ, ẹ fi fọ́ọ̀kì dá ihò sí ọ̀rá náà lára, ẹ so ẹnu ẹ̀, ẹ tì í sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀. Láàárín ọdún kan sí méjì ó ti di ilẹ̀dú, dúdú, fúyẹ́, tí ò rùn rárá, irú ẹ̀ kò sí nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ ń rà ní sọ́ọ̀bù. Ewé oak, beech àti hornbeam ló dáa jù fún un. Ewé holly àti laurel kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ẹ má pò ó mọ́ ọn. Ewé rósì tó ní tóótòòtó dúdú lára, inú bíìnì ni kó lọ, torí àìsàn ni, abẹ́ ewé yẹn ló ti ń sùn títí ọdún á fi yípo.

Ṣé kí n gé gbogbo òdòdó tó gbẹ lulẹ̀ kí wíńtà tó wọlé?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibí yìí la ti ń jiyàn jù o. Nílé lọ́hùn-ún, ejò ló jẹ́ ká máa ro àyíká ilé mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní England, adder nìkan ni ejò olóró tó wà, kì í sábà wọ ọgbà ilé, àsìkò òtútù yìí gan-an ló sì máa ń sùn. Kò sóhun tẹ́ ẹ ń lé kúrò.

Igi òdòdó tó gbẹ yẹn ń ṣiṣẹ́. Kòkòrò ladybird máa ń sá wọ inú ihò ara rẹ̀ sùn, òun ló sì máa bá yín jẹ kòkòrò ara rósì tó bá di Méè. Orí sedum, teasel àti echinacea kún fún èso tẹ́yẹ ń jẹ. Ẹ dúró sójú fèrèsé kíṣìnì láàárọ̀ tí ìrì dídì bá sọ̀, ẹ máa rí goldfinch tójú ẹ̀ pupa tó dì mọ́ orí teasel, á ki ẹnu bọ àárín ẹ̀gún, á fa èso kan yọ, á bó èèpo ẹ̀ dà nù, á tún ki ẹnu bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gé gbogbo ẹ̀ ní Ọ̀kùtóbà, ilẹ̀ dúdú nìkan lẹ máa máa wò fún oṣù márùn-ún gbáko. Àwọn míì tún wà tó jẹ́ pé orí tó gbẹ yẹn laṣọ tó ń bo ọ̀mùnú ìsàlẹ̀, hydrangea àti penstemon ń bẹ nínú wọn.

Èyí tẹ́ ẹ lè gé: hosta tó ti rà tó ń yọ̀, ewé peony (ìyẹn náà máa ń gbé àìsàn pamọ́), àti ohunkóhun tó ti wó dí ọ̀nà. Ìyókù di ìparí Fẹ́búárì tàbí Máàṣì. Àwọn àgbà òyìnbó kan ní àdúgbò máa ń gé tiwọn kanlẹ̀ ní Ọ̀kùtóbà, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láyé ìjọ́un nìyẹn, ẹ sáà kí wọn, ẹ má bá wọn jiyàn.

Koríko ńkọ́, mo ṣì lè máa gé e?

Bó bá ṣì ń hù, ẹ gé e, àmọ́ ẹ gbé ẹnu abẹ ẹ̀rọ sókè díẹ̀ sí ti ìgbà ooru. Tójú ọjọ́ bá ti ń wà lábẹ́ nǹkan bí 5°C, kì í hù mọ́, ẹ lè gbé ẹ̀rọ wọlé. Sẹ̀tẹ́ńbà lẹ máa fi réèkì ha òkú koríko àti moss kúrò, kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ilẹ̀ káàkiri kómi lè ráyè wọlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ́n irúgbìn síbi tó pá. Ajílẹ̀ ìgbà ooru tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ má dà á sí i, ewé rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa mú jáde ò ní lè dúró nínú òtútù.

Ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ: tí koríko bá funfun láàárọ̀, kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ máa dúdú, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo ìṣísẹ̀ yín pátá lẹ máa rí níbẹ̀.

Bulb wo ni kí n rà, ìgbà wo ni kí n rì í mọ́lẹ̀?

Bulb ni isu òdòdó tó rí bí àlùbọ́sà. Daffodil àti crocus, Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọ̀kùtóbà. Tulip, ẹ dúró di Nòfẹ́ńbà, òtútù ń dín àìsàn olú tó ń jẹ ewé tulip kù. Ìjìnlẹ̀ ihò náà máa tó ìlọ́po mẹ́ta gíga bulb fúnra ẹ̀, ẹnu ṣóńṣó ló ń kọjú sókè, tẹ́ ò bá sì mọ èwo lorí èwo ni ìdí ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, á tún ara ẹ̀ ṣe. Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń wú tulip àti crocus jẹ, ẹ tẹ́ wáyà onírin olójú fíntínfíntín lé ilẹ̀ lórí, ọ̀kẹ́rẹ́ kì í fọwọ́ kan daffodil.

Tówó bá ń wọ́n lọ́wọ́ yín, ìparí Nòfẹ́ńbà ni sọ́ọ̀bù máa ń dín iye bulb wálẹ̀, tí kò bá tíì rọ̀ tí kò sì bu, ẹ rà á, kódà tẹ́ ẹ bá rì í ní Dìsẹ́ńbà á ṣì yọ. Snowdrop nìkan ló yàtọ̀, èyí tó gbẹ nínú pákéẹ̀tì kì í sábà ṣe dáadáa, ẹ ra èyí tó ṣì léwé lórí ní Fẹ́búárì tàbí Máàṣì, tàbí kẹ́ ẹ tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n máa ń pín in.

Mo wú nǹkan tó jọ àlùbọ́sà nínú ọgbà, ṣé mo lè sè é?

Ẹ má sè é, ẹ jọ̀ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé bulb daffodil ni. Ó ní èèpo tó gbẹ, ó funfun nínú, ewé ẹ̀ tó ń yọ ní Jánúárì náà jọ ewé àlùbọ́sà, àmọ́ májèlé ni, èébì àti inú rírun ló ń fà. Kì í ṣe àwa nìkan ló máa ń ṣì mú, ní 2015 Public Health England kọ̀wé sí àwọn supermarket pé kí wọ́n má to daffodil sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Ẹ gé e kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀: tí kò bá rùn bí àlùbọ́sà, kì í ṣe àlùbọ́sà.

Foxglove tún burú jù ìyẹn lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́, ewé nìkan ló máa ń ní, ewé ńlá tó tẹ́ sílẹ̀ tó ní irun, ẹni tó bá ń wá ẹ̀fọ́ lè rò pé ó ti rí i. Ọkàn ló ń bá jà. Igi yew tí wọ́n fi ń ṣe hẹ́ẹ̀jì náà, èso pupa ẹ̀ wu ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ewé àti kóró inú èso yẹn lè pààyàn. Ohun tẹ́ ò bá fọwọ́ ara yín gbìn, ẹ má gbé e kaná.

Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo mi ńkọ́?

Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ti parí nìyẹn fún ọdún yìí. Òru kan ṣoṣo tí ìrì dídì bá sọ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ti dúdú wọ́n sì ti rọ. Ẹ ká gbogbo ẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, ẹ bọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹ fún un, ẹ kó o sínú fírísà. Orí tẹ̀tẹ̀ tó ti gbó, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú àpò ìwé, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ata kì í ṣe nǹkan ọdún kan, níbí ló ti máa ń kú torí òtútù. Kóru tó ń lọ sí 10°C, ẹ gbé ìkòkò ẹ̀ wọlé, ẹ gé ẹ̀ka ẹ̀ kó ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan, ẹ yẹ abẹ́ ewé wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, ẹ gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ jù, omi díẹ̀ nìkan. Ó lè wọ́wé tán, ẹ má fòyà. Ní Máàṣì á tún rú, á sì so ṣáájú èyí táwọn èèyàn ń gbin kóró ẹ̀ nígbà yẹn.

Kí wá ni mo lè gbìn tí òtútù ò ní pa?

Kale, leek, chard àti parsnip, gbogbo ẹ̀ lè wà níta. Kale tí ìrì dídì ti pa máa ń dùn sí i, parsnip náà bẹ́ẹ̀, torí òtútù ń sọ sítáàṣì inú ẹ̀ di ṣúgà. Kale àti chard pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ rírò wa ní oṣù òtútù, ẹ kàn gé egungun àárín ewé kale kúrò kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ.

Aáyù, Ọ̀kùtóbà sí Nòfẹ́ńbà lẹ máa ri ọmọ ẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó nílò òtútù, láìsí òtútù kì í pín sọ́mọ, odidi róbótó kan lẹ máa wú. Ẹ̀wà broad bean tí wọ́n ń pè ní Aquadulce Claudia náà, ẹ gbìn ín ní Nòfẹ́ńbà, ẹ máa jẹ ẹ́ ní Júùnù.

Dahlia mi ti dúdú lóru kan, kí ni mo máa ṣe?

Ìyẹn gan-an lẹ ń dúró dè. Ẹ gé igi ẹ̀ kó ku nǹkan bí 10 sí 15 cm, ẹ fi fọ́ọ̀kì wú isu ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kẹ́ ẹ má gún un, ẹ gbọn ilẹ̀ dà nù, ẹ dorí ẹ̀ kodò fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì kómi inú igi ẹ̀ lè ro jáde, ẹ wá kó o sínú páálí pẹ̀lú kọ́ńpọ́ọ̀sì gbígbẹ níbi tí ò lè dì. Tẹ́ ẹ bá wà ní gúúsù, tílẹ̀ yín kì í sì í dómi dúró, ẹ lè fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá kó ilẹ̀dú tó nípọn lé e lórí. Lórí ilẹ̀ amọ̀, ẹ má dán an wò, omi ló ń pa á ju òtútù lọ.

Ìkòkò òdòdó mi máa ń là, ẹ̀rọ omi ìta náà ti bẹ́ lọ́dún tó kọjá. Kí ló dé?

Omi tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i, ohun tó ń fà á nìyẹn. Ìkòkò amọ̀ ń mu omi sára, tí omi yẹn bá dì, ó là. Ẹ fi bíríkì wẹ́wẹ́ gbé ìdí ìkòkò kúrò nílẹ̀ kómi lè máa ṣàn jáde, ẹ kó wọn jọ sẹ́bàá ògiri ilé, ẹ fi bubble wrap tí wọ́n fi di ẹrù ránṣẹ́ sí yín wé e. Ìkòkò tó wà lábẹ́ òrùlé tójò ò kàn, ẹ ṣì máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ òdòdó wíńtà òùngbẹ ló pa wọ́n. Ẹ̀rọ omi, ẹ tì í látinú ilé, ẹ wá ṣí ti ìta sílẹ̀ kí èyí tó kù nínú páìpù lè jáde, ẹ sì tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Yìnyín ti bo ọgbà, ṣé kí n gbọ̀n ọ́n kúrò?

Lórí hẹ́ẹ̀jì àti igi tó léwé lọ́dún yípo, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ìgbálẹ̀ rọra tì í sókè kó bọ́, torí ó wúwo, ó lè fa ẹ̀ka ya. Lórí greenhouse náà. Èyí tó wà nílẹ̀ lórí òdòdó, ẹ fi sílẹ̀, ó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ atẹ́gùn tó tutù jù ú lọ. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó dé koríko tàbí ìdí òdòdó, ẹ lo yẹ̀pẹ̀ tó bá súnmọ́ wọn.

Ṣé òdòdó kankan wà tó ń yọ nínú òtútù yìí?

Ó wà, ó sì pọ̀. Mahonia máa ń yọ ìtànná yẹ́lò ní Nòfẹ́ńbà títí lọ, jasmine òtútù, hellebore, witch hazel, àti sarcococca tí ìtànná ẹ̀ kéré débi pé ẹ lè má rí i àmọ́ òórùn dídùn ẹ̀ á bá yín lẹ́nu géètì. Ẹ gbin ìyẹn sẹ́nu ọ̀nà, torí ibẹ̀ nìkan lẹ máa ń gbà kọjá ní Jánúárì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ṣe é dójú àmì, ẹ lọ sí Anglesey Abbey ní Cambridgeshire tàbí Painswick ní Gloucestershire ní Fẹ́búárì, snowdrop ibẹ̀ ò lóǹkà. National Garden Scheme náà, tó ti wà láti 1927, máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ wọ ọgbà àwọn aráàlú lówó pọ́ọ́kú, owó náà sì ń lọ fún àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Ẹ máa rí ohun tó ń hù dáadáa lórí irú ilẹ̀ àdúgbò yín, ìyẹn wúlò ju kẹ́ ẹ máa wo fídíò àwọn tó wà ní California.

Rósì, ápù, plum, wisteria: èwo ni mo máa gé nígbà wo?

Ápù àti pear, láàárín Nòfẹ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì nígbà tí wọ́n ń sùn. Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀ka tó kú, tó ní àìsàn, àtèyí tó ń ha ara wọn. Ẹ má gé ju ìdá márùn-ún kan igi náà lọ lọ́dún kan, tẹ́ ẹ bá gé e jù, ńṣe lá fi ìbínú yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri tí ò ní so nǹkan kan. Igi tí wọ́n ti pa tì fún ọdún púpọ̀, ẹ pín in sí ọdún mẹ́ta.

Plum àti cherry, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n ní wíńtà rárá. Olú kan wà tó ń fa àìsàn silver leaf, ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé, àsìkò ọ̀rinrin yìí ló sì ń tàn kálẹ̀. Ìgbà ooru ni tiwọn.

Rósì, ìparí Fẹ́búárì sí Máàṣì. Èyí tó bá ga jù, ẹ gé ìdá mẹ́ta ẹ̀ kan kúrò ní Nòfẹ́ńbà kí atẹ́gùn má baà máa mì ín tìdítìdí. Wisteria, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: Júláì tàbí Ògọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà Jánúárì tàbí Fẹ́búárì, kẹ́ ẹ tún gé ẹ̀ka kan náà kó ku ojú méjì tàbí mẹ́ta. Lavender, ẹ má gé e wọ ibi tó ti di igi tí kò léwé mọ́, kì í sábà rú padà.

Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ yẹ abẹ́ ìdọ̀tí wò kí n tó dáná sun ún, nítorí kí ni?

Nítorí hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń sùn láti nǹkan bíi Nòfẹ́ńbà dé Máàṣì, tó sì fẹ́ràn òkìtì ewé àti igi. Lọ́jọ́ 5 Nòfẹ́ńbà tí wọ́n ń dáná Guy Fawkes, ó máa ń kú sínú ẹ̀. Ẹ kó òkìtì yẹn síbòmíì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ sun ún gan-an. Òfin ò ní kẹ́ ẹ má dáná nínú ọgbà yín, àmọ́ tí èéfín ẹ̀ bá ń yọ aládùúgbò lẹ́nu léraléra, káńsù lè bá yín ṣẹjọ́. Tí hedgehog bá wọlé wá, omi lẹ máa fún un, kì í ṣe mílíìkì, mílíìkì máa ń jẹ́ kó yàgbẹ́ gbuuru.

Oògùn ìgbín oníhóró búlúù tó ṣì wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ẹ ka ara páálí ẹ̀. Tó bá ti ní metaldehyde nínú, wọ́n ti fòfin de lílò ẹ̀ níta láti 2022, ẹ gbé e lọ síbi ìkódọ̀tí káńsù.

Hẹ́ẹ̀jì aládùúgbò ga jù, ewé igi ẹ̀ ń dà sọ́dọ̀ mi. Kí lòfin sọ?

Ewé tó bá já sọ́dọ̀ yín, iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ gbá a, kò sẹ́jọ́ níbẹ̀. Ẹ̀ka tó bá na ọwọ́ sọ́dọ̀ yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gé e dé ààlà, kì í ṣe ju ààlà lọ, ẹ̀ka náà àti èso orí ẹ̀ ṣì jẹ́ tiẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ ẹ. Ẹ má wulẹ̀ jù ú sọ́dọ̀ ẹ̀.

Hẹ́ẹ̀jì tó léwé lọ́dún yípo tó ju mítà 2 lọ, tó ń dí ìmọ́lẹ̀ yín, Anti-social Behaviour Act 2003 gbà yín láyè láti mú ẹjọ́ lọ bá káńsù, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti bá ẹni náà sọ ọ́ ná, káńsù sì lè gbowó lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó dá sí i. Ẹ kàn ilẹ̀kùn ẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà. Tiyín náà, ẹ gé e kí Máàṣì tó dé, torí láti Máàṣì sí Ògọ́ọ̀sì ẹyẹ ń kọ́lé nínú ẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́ ti rú òfin tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, Wildlife and Countryside Act 1981.

Igi tèmi nínú ọgbà mi, ṣé mo ṣì máa gbàyè kí n tó gé e?

Lábúlé, ó ṣeé ṣe gan-an, èyí ló sì máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù. Tílé yín bá wà ní conservation area (àdúgbò tí káńsù ń dáàbò bo ìrísí ẹ̀), tí igi náà sì nípọn ju 7.5 cm lọ tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n ní mítà 1.5 sókè ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fún káńsù ní ìwé ìsọfúnni ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú. Tó bá ní Tree Preservation Order (àṣẹ káńsù tó ń dáàbò bo igi kan pàtó), ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda wọn lórí ìwé. Ẹni tó gé e lulẹ̀ láìgbàyè lè san owó ìtanràn tí kò ní gbèdéke. Igi eléso tẹ́ ẹ kàn fẹ́ tún ẹ̀ka ẹ̀ ṣe kó lè so dáadáa máa ń ní ìdẹ̀ra tiẹ̀, síbẹ̀ ẹ pe ọ́fíìsì igi ní káńsù, ìbéèrè ò ná yín ní nǹkan kan.

Mo ń háyà ilé ni, ta ló ni iṣẹ́ ọgbà?

Ẹ ka àdéhùn yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, koríko àti koríko burúkú jẹ́ tiyín, igi ńlá àti fẹ́ǹsì jẹ́ ti lánlọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ ya fọ́tò gbogbo igun ọgbà, kí ọjọ́ hàn lára ẹ̀, torí owó ọgbà wà lára ohun tí wọ́n máa ń yọ nínú dípọ́síìtì jù. Ẹni tó wọlé ní Jánúárì nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, kó tún ya òmíràn ní Méè, torí ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ ohun tó wà nílẹ̀ gan-an.

Ọ̀pá gbígbẹ kan tó jọ ọparun wà légbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, aládùúgbò ní knotweed ni. Ṣé kí n hú u?

Ẹ má hú u, ẹ má gé e sínú bíìnì, ẹ má sì fi ṣe kọ́ńpọ́ọ̀sì. Japanese knotweed, koríko burúkú kan tó máa ń tàn kálẹ̀, máa ń kú lókè ní wíńtà, ọ̀pá pupa rẹ́súrẹ́sú tó nihò nínú nìkan ló máa ń kù, àmọ́ ekìrí gbòǹgbò kékeré kan tó bá já síbòmíì máa hù. Kò lòdì sófin pé ó wà nínú ọgbà yín, ohun tó lòdì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó tàn lọ sínú igbó, tàbí kẹ́ ẹ kó o dà nù bíi pàǹtí lásán. Tó bá sì wọ ilẹ̀ ẹlòmíì, wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́, ní 2018 ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn dá Network Rail (àwọn tó ni ojú irin rélùwéè) lẹ́bi fún àwọn onílé kan ní Wales lórí ẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ fi okùn yí ibẹ̀ ká káwọn ọmọ má wà á, tẹ́ ẹ bá ń háyà ẹ kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ ilé tiyín, ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ tí wọ́n sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ilé wọ́n máa bi yín lórí fọ́ọ̀mù TA6, èyí tí ẹni tó ń ta ilé máa ń kọ̀rọ̀ sí, bóyá ó wà níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń lò máa ń ṣiṣẹ́ jù lára ewé tútù, ìparí ìgbà ooru sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí i ní Jánúárì, ẹ fi oṣù tó kù wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kẹ́ ẹ sì gba iye owó lọ́wọ́ ó kéré tán ẹni méjì.